Akọ̀wé Lọ, Pásíwọ́ọ̀dù Bá A Lọ

Láti Ìṣẹ́yìn dé Òkehò, láti Ṣakí dé Ìgbòho àti Kíṣí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ìwé, ọsibítù tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ń rí owó kọ́lé, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń rí owó ilé ìwé ọmọ san, ibẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi iṣẹ́ oko kún iṣẹ́ oṣù ti ń yá owó ajílẹ̀ kí òjò tó rọ̀. Ìwé lẹ́jà gbọọrọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì, ẹnìkan nínú àwọn akọ̀wé á ti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn, á padà wálé, á fi Microsoft Access ṣe dátábéèsì, á kó orúkọ, àjẹṣẹ́kù, ẹ̀yáwó àti oníduró gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú rẹ̀, á sì fi pásíwọ́ọ̀dù tì í pa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnìkan ní lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Akọ̀wé ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ bá ọmọ l'Ékòó, tàbí kó ti dolóògbé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀, olórí ńlá tó ń lo Windows XP, ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ mọ ohun tó ń tẹ̀ lóṣooṣù, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí-kí-kí nínú, ìgbìmọ̀ á ra láàpútọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n á da fáìlì náà kọ sórí fláàṣì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí èyí tuntun, kò sì ní ṣí. Ìgbà náà ni wọ́n á gbé e wá bá ẹni tí wọ́n gbọ́ pé ó mọ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sì kọ́kọ́ sọ ni pé kó bá àwọn fọ́ pásíwọ́ọ̀dù.

Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú kíkó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sórí sọ́fítíwíà tuntun, ṣíṣí àgádágodo ló rọrùn jù.

Ohun àkọ́kọ́ tó sábà máa ń dí ọ̀nà kì í tilẹ̀ ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Access jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, bó sì ti ń dàgbà ni ọ̀nà tó ń gbà kọ fáìlì ń yí padà. Fáìlì Access 97 kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti Access 2000. Nígbà tó di Access 2007, wọ́n gbé òmíràn dé pátápátá, .mdb tó máa ń wà ní ìdí orúkọ fáìlì di .accdb. Títí dé Access 2010, sọ́fítíwíà náà ṣì ń ka fáìlì 97, ó sì lè yí i padà sí tuntun. Láti Access 2013 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ ti ìsinsìnyí ní láti wá ẹ̀rọ tí Access 2003, 2007 tàbí 2010 wà lórí rẹ̀, kó kọ́kọ́ yí fáìlì náà padà níbẹ̀, kó tó gbé e wálé. Bí kò bá rí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó lè gbé Windows àtijọ́ ró nínú Windows tuntun bí ẹni gbé kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà, tàbí kó lo mdbtools lórí Linux, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ń ka fáìlì .mdb láìlo Access rárá.

Ó wá ku pásíwọ́ọ̀dù. Irú méjì ni, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù ẹyọ kan tó wà lára fáìlì fúnra rẹ̀: o mọ̀ ọ́n, o wọlé, o ò mọ̀ ọ́n, o dúró síta. Èkejì ni ti akọ̀wé tó mọṣẹ́ dunjú, tó pín àwọn ènìyàn sí ìpele: akápò lè kọ iye tó wọlé ṣùgbọ́n kò lè pa ohun tí wọ́n ti kọ rẹ́, alága lè wò ó ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kàn án. Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo wọn kò sí nínú dátábéèsì náà rárá. Inú fáìlì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ parí sí .mdw ni wọ́n wà, ó sì lè wà ní ìsọ̀rí mìíràn pátápátá nínú kọ̀ǹpútà. Ibí yìí ni wọ́n ti ń kàgbákò. Wọ́n á da .mdb kọ sórí fláàṣì, wọn ò ní rántí .mdw, wọ́n á wá ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún àwọn tó ń ra pàǹtí irin.

Bí ti .mdw bá ti sọnù, ọ̀nà ṣì wà. Orúkọ kan, orúkọ iléeṣẹ́ kan àti àmì ìdánimọ̀ kan ni akọ̀wé tẹ̀ nígbà tó dá a sílẹ̀. Bí o bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe tẹ̀ wọ́n gan-an, lẹ́tà ńlá ní lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré ní lẹ́tà kékeré, o lè tún un dá. Access 2000 àti àwọn tó tẹ̀lé e tilẹ̀ máa ń gbé ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti dátábéèsì tán, gbogbo nǹkan wọ̀nyí á wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì ní kí o tẹ̀ ẹ́ kí o tọ́jú ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó wá ọmọ yahoo kankan lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ tú àwọn fáìlì bébà akọ̀wé wò, pàápàá èyí tí wọ́n kọ "kọ̀ǹpútà" sí lára. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ó sì gbọ́dọ̀ di ṣíṣe, torí pé .accdb kò mọ ìpele ẹni yìí rí: ẹni tó bá fẹ́ gbé fáìlì bẹ́ẹ̀ wọ irú tuntun gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò kó tó ṣí.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù ẹyọ kan, ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé kò dáàbò bo nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú Access 97, pásíwọ́ọ̀dù náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, wọ́n kàn fi àwọn nọ́ńbà kan bò ó lójú ni, nọ́ńbà kan náà sì ni wọ́n lò fún gbogbo fáìlì Access 97 tó wà láyé. Ẹni tó mọ ibi tí yóò wò á kà á bí ẹni ka lẹ́tà. Access 2000 fi díẹ̀ kún ìbòjú náà, kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àkọsílẹ̀ inú fáìlì fúnra wọn wà ní gbangba, àyàfi bí akọ̀wé bá lọ sí ibòmíràn lọ sọ pé kí wọ́n dì wọ́n. Láti Access 2007 ni nǹkan ti yí: pásíwọ́ọ̀dù .accdb ń dì gbogbo fáìlì ní tòótọ́, bó bá sì gùn, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá lọ, fáìlì lọ nìyẹn. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ti 1998 á ṣí, ti 2018 lè máà ṣí láéláé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orí ènìyàn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní Norway, ilé kan wà fún èdè àti àṣà tí wọ́n fi sọrí Ivar Aasen. Ọ̀jọ̀gbọ́n Reidar Djupedal, onímọ̀ èdè, ti kó ìwé jọ rẹpẹtẹ nígbà ayé rẹ̀, ó sì to orúkọ àwọn ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó kú ní 1989. Nígbà tí ilé náà fẹ́ lo àkójọ yìí, pásíwọ́ọ̀dù ní kí wọ́n dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, wọ́n ké gbàjarè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe gba àwọn. Kò pẹ́ rárá tí ìdáhùn fi dé: ladepujd ni. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn, orúkọ bàbá náà ni. Àwọn akọ̀wé tiwa náà ò sàn jù ú lọ. Orúkọ àkọ́bí, ọdún tí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n fi 2000 kún: mo máa ń ní kí wọ́n gbìyànjú àwọn yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bó ti rọrùn tó yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àṣẹ le. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, kò yọ ẹni tó wọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sílẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ka orúkọ ènìyàn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye tó jẹ sí ohun tí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jíhìn fún. Akápò nìkan kò tó ẹni tó ń gbé fáìlì wá pé "ẹ bá wa ṣí i". Lẹ́tà tí alága, akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí, tó bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpàdé mu, ni kí ẹni tó fẹ́ ṣe é gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kò sí ẹ̀dà tó kù sórí kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ nígbà tó bá parí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣí irú fáìlì yìí ní gbangba bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tí àwọn tó wá tẹ fọ́ọ̀mù JAMB ń ka gbèsè olùkọ́ wọn lójú kọ̀ǹpútà.

Ká wá sọ pé ó ti ṣí. Ká fi ẹgbẹ́ olùkọ́ kan ní Ṣakí ṣe àpẹẹrẹ. Tábìlì kan wà nínú fáìlì tó ń jẹ́ MEMB, òpó kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ ST. Lẹ́tà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, A, R, T àti X. Ọmọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà wo X, ó rí i pé kò sí ẹnìkankan nínú wọn tó dá kọ́bọ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ó ní kí wọ́n yọ wọ́n kúrò, kí wọ́n má kó ìdọ̀tí lọ sílé tuntun. Akápò ní kó ṣe sùúrù ná. Wọ́n gba ilé akọ̀wé àtijọ́ lọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá."

"Ẹ kúu o. Ẹ jókòó. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, sà. Lẹ́tà X tí ẹ fi sí iwájú orúkọ àwọn kan nínú kọ̀ǹpútà la wá bi yín."

"X? Àwọn tó ti kú ni. A ò tíì rí ẹbí wọn kó owó wọn fún. Ẹ ò ṣà tíì pa á rẹ́?"

"A ò tíì pa á rẹ́, sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi bu omi wá, kí n sọ T fún yín."

T ni àwọn tí ìjọba gbé lọ sí ìlú mìíràn, tí wọn ò dá owó mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì jẹ́ oníduró fún ẹ̀yáwó ẹlòmíràn. R ni ẹni tó fẹ̀yìn tì. Àmọ́ kó tó di ọdún tí wọ́n yí ìwé òfin ẹgbẹ́ padà, R ni ẹni tó kọ̀wé kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹni tó sì kọ̀wé kúrò kò ní ẹ̀tọ́ sí èrè ọdún yẹn. Lẹ́tà kan, ìtumọ̀ méjì, ọjọ́ ló pín wọn. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè mọ ìyẹn. Bí Bàbá bá ti lọ, inú ìwé ìpàdé àti fọ́ọ̀ṣà ìsanwó ni wọn ì bá ti máa wá a, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá akọ̀wé àtijọ́ lọ kí wọ́n tó wá oníkọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì san owó ọkọ̀ fún un.

Ọjọ́ pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn akọ̀wé máa ń fi nọ́ńbà méjì kọ ọdún. Access àti Windows ìgbà náà máa ń ka 00 sí 29 sí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun, wọ́n á ka 30 sí 99 sí ti àtijọ́. Bàbá tí wọ́n bí ní 1928, tí wọ́n tẹ ọdún rẹ̀ ní 28, á wà nínú fáìlì bí ọmọ tí wọn yóò bí ní 2028. Ẹ̀yáwó tó yẹ kó parí ní 2030 lè di ohun tó ti parí ní 1930, kí sọ́fítíwíà tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun owó èlé lé e lórí. Èyí tó burú jù kò pariwo rárá: àwa máa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, ará Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú. Bí wọ́n bá kó àkọsílẹ̀ jáde bí ọ̀rọ̀ lásán, tí wọ́n sì kó o wọlé lórí láàpútọ́ọ̀pù tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 05/04/1999, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, á di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, kò sì ní sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ. 25/04/1999 nìkan ni yóò kọ̀, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá rí i pé ìlà díẹ̀ kọ̀ láti wọlé, kó má tún ìlà wọ̀nyẹn nìkan ṣe. Àwọn tó wọlé ni kó bẹ̀rù.

Owó náà ńkọ́? Akọ̀wé àtijọ́ lè ti fi irú nọ́ńbà tí Access ń pè ní Single sí òpó owó, dípò Currency. Nígbà tí àjẹṣẹ́kù ènìyàn ò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà lọ, kò sí ohun tó ṣe é. Single kò lè di ju nọ́ńbà bíi méje mú dáadáa. Lónìí tí náírà ti di bó ṣe dà, tí àpapọ̀ owó ẹgbẹ́ kékeré pàápàá ti wọ mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀, kọ́bọ̀ á máa sọnù. Tó bá ti kọjá 16,777,216, náírà gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Kí wọ́n yí òpó náà sí Currency lórí ẹ̀dà, kí wọ́n sì fi lẹ́jà bébà ṣe ẹ̀rí, kì í ṣe fáìlì àtijọ́.

Ní ti orúkọ, ìlú wa fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ṣakí wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ní Saki, ó wà ní Shaki, ó wà ní SAKI WEST. Ọláṣùpọ̀ kan náà á jẹ́ Olasupo lórí káàdì kan, Olashupo lórí òmíràn. Kò yani lẹ́nu: lẹ́tà tí Access 97 ń lò kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú. Access 2000 ló kọ́kọ́ gba Unicode, tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tó ta kókó fi fọ́ǹtì tó ń ya àmì sí abẹ́ lẹ́tà ṣe é. Nígbà tí fáìlì bá dé orí ẹ̀rọ tí fọ́ǹtì yẹn kò sí, ìlà orúkọ á di àmì jágbajàgba. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ bó ti yẹ lónìí lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ ọ́ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ojú ènìyàn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí méjì. Òpó kejì tí kò ní àmì kankan, tí wọn yóò máa fi wá orúkọ, á gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa Olasupo pọ̀ mọ́ Olashupo láìwo nọ́ńbà páàsìbúùkù. Nígbà mìíràn, ènìyàn méjì ni wọ́n lóòótọ́, bàbá àti ọmọ.

Àwọn tó lówó jù wá lọ náà ti fara gbá a. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báńkì TSB ní Britain kó àkọsílẹ̀ oníbàárà mílíọ̀nù márùn-ún ó lé láti orí ẹ̀rọ Lloyds lọ sórí ti Sabadell. Ìwọ̀n mílíọ̀nù méjì ènìyàn kò lè wọ àkáǹtì wọn, àwọn aláṣẹ sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́ùn lé e ní 2022. Nílé níbí, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2024, Sterling àti GTBank pààrọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò ńlá wọn, ọ̀pọ̀ oníbàárà káàkiri Nàìjíríà ò sì rí owó wọn gbà fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn wọ̀nyí ní ẹlẹ́ńjíníà lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ tó wà ní Tẹdé tàbí Òtù ní tí wọn ò ní ni pé ó lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ìròyìn, kí wọ́n sì jókòó yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò.

Kí wọ́n ṣe é báyìí: ẹ̀dà ni kí wọ́n máa fọwọ́ kàn, kí fáìlì gidi wà lórí fláàṣì tí wọ́n ti dí lọ́wọ́ kíkọ. Láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí wọ́n lò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà olórí ńlá tí kò ní UPS, torí bí IBEDC bá mú iná lọ nígbà tí Access ń ṣe Compact and Repair lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ náà kò jìnnà. The Oke-Ogun Polytechnic wà ní Ṣakí, tó jẹ́ ẹ̀ka Poly Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ kó tó dá dúró ní 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí lẹ́yìn tí Access 97 jáde, wọn ò rí .mdw rí, kí wọ́n jókòó ti Bàbá akọ̀wé, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, iye ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu, àpapọ̀ àjẹṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bára mu dé orí kọ́bọ̀, àpapọ̀ gbèsè pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fa páàsìbúùkù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi mélòó kan yọ láìyàn, kí wọ́n fi wé ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tuntun.

Fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Pásíwọ́ọ̀dù tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpòòwé méjì tí wọ́n lẹ̀ pa, kí alága àti akápò fọwọ́ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, kí ọ̀kan wà nínú àpótí irin ẹgbẹ́, kí òmíràn wà ní báńkì, kí ìwé ìpàdé sì sọ ẹni tó lè ṣí i àti ìgbà tó lè ṣí i. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ tà á, kí wọ́n yọ haadi dísìkì inú rẹ̀ kúrò. Inú àpótí irin yẹn náà ni yóò wà, pẹ̀lú fáìlì .mdb àti .mdw rẹ̀, títí ọ́dítọ̀ ìjọba fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò fi fọwọ́ sí ìṣirò ọdún kan gbáko tí sọ́fítíwíà tuntun ṣe.